Ẹni tí Kò Gbọ́ Ìlù, Kí Ó Má Kọ̀wé nípa Orin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yóò bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́ nítorí ìbínú wọn, ohun tí ó ń bàjẹ́ yóò bàjẹ́ tán lójú wa. Púpọ̀ nínú àwọn oníròyìn tí ń kọ̀wé nípa orin Yorùbá lóde òní ni kì í gbọ́ orin náà. Èmi kò sọ pé etí wọn di. Wọ́n ń gbọ́ ariwo rẹ̀, wọ́n sì lè mi orí sí i. Ohun tí orin náà ń wí ni wọn kò gbọ́. Iṣẹ́ kan náà ni èmi pẹ̀lú ń ṣe, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn mí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń pa irọ́ mọ́ wọn, kí ó mú ìwé ìròyìn èyíkéyìí tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ka ohun tí wọ́n kọ nípa olórin kan nínú rẹ̀. Yóò rí iye owó ọkọ̀ olórin náà níbẹ̀. Yóò rí ilé tí ó kọ́, ìyàwó tí ó fẹ́, ẹni tí ó bá jà, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un lókè òkun, àti iye ènìyàn tí ó fi fóònù gbọ́ orin rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n kí ló kọ lórin? Ta ni ó lu ìlù fún un? Kí ni ìlù náà sọ? Ṣé ó pa òwe tuntun ni, tàbí ó yí òwe àtijọ́ padà? Kò ní rí ìlà kan péré lórí ìwọ̀nyí. Olóòtú kan tí mo kọ̀wé fún rí sọ fún mi pé kí n yọ ìpínrọ̀ tí mo fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìlù kúrò, kí n fi iye owó ọkọ̀ olórin náà dí àyè rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn fẹ́ kà. Àwọn baba wa sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní tiwa, làpálàpá ni a sọ di iṣẹ́, tí a ń gba owó oṣù lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Èdè wa jẹ́ èdè ohùn mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Obìnrin ń fẹ́ èkíní, àgbẹ̀ ń fi èkejì kọ ebè, àwa arìnrìn-àjò ń wọ ẹ̀kẹta. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Nítorí náà ni àwọn àyàn fi lè mú awọ àti igi kí wọ́n sì mú un sọ̀rọ̀. Bí onílù bá fún ọṣán ìyá ìlù mọ́ra, ohùn rẹ̀ a lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wá sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí etí rẹ̀ là yóò sì gbọ́ oríkì baba rẹ̀ láti inú igi gbígbẹ. Òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọgbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ní ibòmíràn ní ayé, ó lè ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ jẹ́ aṣọ tí a wọ̀ fún orin, kí a bọ́ ọ sílẹ̀ kí orin ṣì máa dún. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ni egungun orin. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ sọnù, tí ó wá ń sọ fún wa bí ẹran ti dùn tó, kò mọ ohun tí ó wà lórí àwo.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá tí èmi kan jókòó dá. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni mo ti ń ka ìwé kékeré kan tí T. K. E. Phillips kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1953, nípa orin Yorùbá. Phillips yìí ni ẹni tí ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ti Kírísítì ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Ọ̀mọ̀wé ni nínú orin àwọn Òyìnbó, síbẹ̀ ohun tí ó gbé ka iwájú nínú ìwé rẹ̀ ni bí ọ̀rọ̀ àti orin ti so pọ̀ mọ́ ara wọn ní èdè wa. Ẹ ronú sí ohun tí ojú àwọn baba wa rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, wọ́n sì ní kí a máa fi ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ nílé wọn kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, orin a gbé e gòkè; èyí tí ó yẹ kí ó gòkè, orin a rì í mọ́lẹ̀. Ìjọ ń fi gbogbo ọkàn kọrin, ṣùgbọ́n bí àlejò tí ó gbọ́ Yorùbá bá dúró lójú fèrèsé, ohun mìíràn pátápátá ni etí rẹ̀ lè mú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí ó mọ̀ pé nǹkan wọ́ ni wọ́n dìde láti fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìsìn.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá. Ní 1922, nígbà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba orin mẹ́tàlélógójì sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ díẹ̀ nínú wọn ní oṣù bíi mélòó kan yìí. Àwo náà ti dàgbà, ó ń hó ṣàà bí epo lórí iná. Dùùrù nìkan ni ó tẹ̀ lé ohùn ọkùnrin náà, kò sí ohun tí ó lè fi mú ẹlẹ́sẹ̀ jíjó dìde. Síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó pè tí kò yé mi. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sì sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ wá fi í wé ohun tí à ń kọ nípa orin tí ó jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọ̀rọ̀ orin tuntun ń lọ ní etí wa bí omi lórí ewé kókò, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó dúró tì í kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ń ka iye ènìyàn.

Àwọn tí ń ka iye ènìyàn yìí sọ pé iye kì í purọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ọba àpàlà. Ní 1948 ó ṣe àwo kan fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice láti fi yin Ọba Adébóyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ní 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, Hárúnà tún orin yìí kọ sínú àwo tuntun, ó sì tà bí ẹni ta omi ní ọ̀gbẹlẹ̀. Láti ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Bí iye bá jẹ́ òṣùwọ̀n, kí ni a ó sọ? Ṣé orin tí kò dára ní 1948 ni ó wá dára ní 1955? Ọba ni ó kú, ọ̀rọ̀ orin náà sì wá di ohun tí ìlú ń fẹ́ gbọ́. Ẹni tí ó bá ka iye àwo nìkan yóò mọ̀ pé ó tà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ni yóò mọ ìdí tí ó fi tà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín akọ̀wé ọjà àti oníròyìn orin nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀kan kún un tí ó yẹ kí ojú tì wá sí. Àwọn olórin tí à ń kọ ìsọkúsọ nípa wọn, iṣẹ́ ìròyìn ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe é jù wá lọ. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1973, Àyìnlá Ọmọwúrà fi àpàlà ròyìn rẹ̀ fún àwọn tí kò lè ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed ní 1976, ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Sàláwà Àbẹ̀ní fi wákà dárò rẹ̀, àwo náà sì ni àkọ́kọ́ tí ó ṣe. Bí òpìtàn bá fẹ́ mọ ohun tí ìyá oníṣòwò kan ní ọjà Ìtòkú rò nípa Nàìjíríà ní àwọn ọdún wọ̀nyí, inú àwo orin ni kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ? Festus Adédayọ̀ gbìyànjú fún Àyìnlá ní 2020, ó kọ odindi ìwé nípa rẹ̀, Túndé Kèlání sì ṣe sinimá Àyìnlá ní 2021. Mo yìn wọ́n. Àmọ́ ogójì ọdún ti kọjá lórí ikú Àyìnlá, tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1980, kí ìwé náà tó dé. Láàárín ogójì ọdún wọ̀nyí, àwọn tí ó lù fún un ń darúgbó, wọ́n sì ń lọ.

Ibi tí ó dùn mí jù lọ nìyí. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ Àyìnlá mọ̀ pé Adéwọlé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Onílù-Ọlá, ni olórí àwọn onílù rẹ̀, nítorí Àyìnlá fúnra rẹ̀ kì í fi orúkọ ọkùnrin náà pamọ́. Olórin mọ̀ pé bí ìlù bá dákẹ́, òun di aláròyé lásán. Ṣùgbọ́n ẹ yí àwo orin sẹ́yìn kí ẹ wò ó: orúkọ olórin wà níbẹ̀ gàdàgbà, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, onílù kò sí. Akin Euba fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí dùndún, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1990 tí ó fi hàn pé ìmọ̀ jíjinlẹ̀ ni ìlù lílù, pé ìyá ìlù, kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú ní iṣẹ́ tí olúkúlùkù wọn ń ṣe. Oníròyìn tí ó bá pe gbogbo wọn ní ìlù, tí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, dà bí ẹni tí ó wọ inú ìgbìmọ̀ ọba tí ó jáde wá ròyìn pé òun rí àwọn ènìyàn kan níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Èkíní, wọn yóò ní ijó ni orin wà fún, pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń jó ni ó ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọn yóò sì mú King Sunny Adé wá ṣe ẹ̀rí: ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo rẹ̀ jáde ní 1982, òmíràn ní 1983, ẹ̀kẹta ní 1984, àwọn Òyìnbó tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sì jó o. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn náà dé òpin. Àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ó bí ẹni tí yóò rọ́pò Bob Marley, tí ó kú ní 1981. Wọ́n fi òṣùwọ̀n Jàmáíkà wọn ọmọ Oǹdó. Nígbà tí àwo kẹta kò tà tó bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Nílé, kò sí ẹni tí ó já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́ òwe rẹ̀ kò wò ó bí arọ́pò ẹnikẹ́ni. Ijó nìkan kì í mú ìfẹ́ pẹ́. N kò bá Òyìnbó wí, àlejò ni, ojú àlejò sì máa ń là gbòòrò láì ríran. Àwa tí a bí sínú ilé ni mo ń bá wí, tí a ń fi ojú àlejò wo ohun ìní baba wa.

Èkejì, wọn yóò ní ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń kọ̀wé sí, pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kò lè wọ ibẹ̀. Ta ni ó wá fi èwọ̀ de Yorùbá? Láti 1859 tí Ìwé Ìròyìn ti jáde ní Abẹ́òkúta ni a ti ń tẹ ìròyìn ní èdè wa. Ẹ sì jẹ́ kí n rán wọn létí àwọn àjèjì tí ó ṣe ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jókòó sí Òkukù, ó kọ́ Yorùbá títí ó fi lè gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1991. Christopher Waterman wá láti Amẹ́ríkà, ó ṣe ìwádìí lórí jùjú, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1990. Nínú rẹ̀ ni a ti lè kà pé nǹkan bí 1948 ni gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú, nígbà tí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè dé, tí gìtá àti ohùn olórin kò fi ní rì sábẹ́ ìlù mọ́. Ẹ kò rí i? Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ wọ inú jùjú, jùjú sì di ohun mìíràn, I. K. Dáíró wá gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ó fi àkọ́díọ̀nù kún un, títí ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ará Amẹ́ríkà ni ó ń sọ èyí fún wa. Bí àlejò bá lè kọ́ èdè ká tó kọ̀wé, àwáwí wo ni ọmọ onílé ní?

Ẹ̀kẹta, wọn yóò ní àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ mọ́. Irọ́ funfun báláú ni. Nígbà tí Asake gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2022, Yorùbá ni ó kún inú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù sì ń kọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo oníròyìn ni ó kọ ọ́ pé ó ń dún bíi fújì. Ó dára, ṣùgbọ́n kí ni fújì? Kò sí ẹni tí ó sọ. Kí wọ́n sọ fún wa pé inú orin wéré ni ó ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí mùsùlùmí fún sàárì ní oṣù ààwẹ̀. Pé Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní 2010, ni ó mú un kúrò ní orin ààwẹ̀ tí ó sọ ọ́ di orin àríyá. Pé bí a ti ń fa ohùn nínú fújì ní ìtàn tirẹ̀. Kí wọ́n fi etí sí ọmọ òde òní yìí, kí wọ́n sọ ibi tí ó ti gba ogún àti ibi tí ó ti ná an ní ìnákúnàá. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ń dúró láti kà. Ebi ń pa wọ́n, a sì ń fi àwo òfìfo hàn wọ́n.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò máa pe ara rẹ̀ ní oníròyìn orin. Kí ó gbọ́ àwo náà títí ó fi lè kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí ibì kan kò bá yé e, kí ó lọ bi àgbà léèrè, nítorí àìgbọ́ Ifá là ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá. Kí ó wá orúkọ onílù rí, kí ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí ó sì béèrè iye tí wọ́n fún un. Kí ó ka ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ, kí ó tó sọ pé ohun tí òun gbọ́ lánàá jẹ́ tuntun. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí àwọn àwo àpàlà díẹ̀: mo ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, mo sì ń gbé ìwé náà tọ àwọn onílù àgbà lọ kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ náà kò yá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta orin lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Kò mú owó wá, olóòtú kì í fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé bí a bá ti ka ọ̀rọ̀ náà sí àgbà onílù létí, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, “Ọmọ mi, o gbọ́ ti ẹnu, o kò gbọ́ ti igi,” yóò sì fi ọwọ́ lu itan rẹ̀ láti sọ ohun tí ìlù sọ lábẹ́ orin náà, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Ẹ mọ àmì ohùn í fi sí orí ọ̀rọ̀. Àwọn olóòtú ńlá kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní bàbá àgbà àti ìyá àgbà nílé tí ó jó sí àwọn orin wọ̀nyí nígbà tí wọ́n jẹ́ tuntun. Kí olúkúlùkù yín mú àwo kan péré ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó wá orúkọ àwọn tí ó lu ìlù inú rẹ̀, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wa yìí. Àwo ń fọ́, fóònù ń sọnù, àgbà onílù ń lọ sùn. Ọkọ̀ tí olórin rà yóò dógùn-ún kí ọdún mẹ́wàá tó pé, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Ohun tí ìlù sọ ni ọmọ wa yóò béèrè, àwa sì ni yóò bi.